Ọ̀nà tí Títílọpẹ́ Dárúkọ Nínú Àdúrà

Orí pèpéle tí wọ́n ń sá kòkó sí ni Títílọpẹ́ dúró sí nígbà tó gbọ́ ohùn Elisha ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn. Ọjọ́ Ajé ni, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ní gbogbo agbo ilé rẹ̀ ní Ajue, igun pèpéle yẹn nìkan ni fóònù ti máa ń gbọ́ràn dáadáa, ìyẹn náà bí èèyàn bá kọjú sí apá Ago Alaye tó sì na ọrùn díẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó, ó sì fi ọwọ́ di fóònù mú sétí.

"Iye mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ọ. Kí ló dé tí ò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó jí adìẹ gbé?"

Elisha rẹ́rìn-ín. "Adìẹ kọ́ o. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni. A máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lọ́sẹ̀ yìí. Mi ò ní lè pè yín fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já."

"Ọjọ́ wo lẹ máa sọ̀ kalẹ̀?"

"Iye, wọ́n ní ká má sọ."

"Ta ni wọ́n? Èmi tí mo bí ọ ni wọ́n ní o ò gbọ́dọ̀ sọ fún?"

"Gbogbo èèyàn ni. Ẹ ṣáà gbàdúrà nínú yàrá yín. Ọlọ́run mọ ọjọ́."

"Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, èmi tí màá bá a sọ̀rọ̀ ni mi ò mọ̀. Bí mi ò bá mọ ọ̀nà tí o máa gbà, ibo ni kí n darí àdúrà sí? Àbí kí n kàn máa dà á sínú afẹ́fẹ́?"

Títílọpẹ́ ń gbọ́ bí atẹ́gùn orí òkè ṣe ń fẹ́ lẹ́nu fóònù rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó máa sọ. Láti kékeré ni ọmọ náà ti rí bẹ́ẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ti béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta, kì í lè fi pamọ́ mọ́.

"Ọjọ́bọ̀ ni," ó ní. "Láàárọ̀. A ò ní gba títì tuntun. Ọ̀nà àtijọ́ la máa gbà, èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ afárá tó wó. Inú mọ́tò tó ṣáájú ni èmi àti Àmínù máa wà. Iye, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Adéjùmọ̀kẹ́ gan-an ò mọ̀."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Kòkó?"

Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó bá òun kí Adéjùmọ̀kẹ́ ìyàwó òun àti àwọn ọmọ. Ó ní Àmínù, ọ̀rẹ́ òun tó ń wa mọ́tò náà, ń béèrè púpurú. Fóònù wá já. Ọ̀rọ̀ púpurú yẹn ló gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Títílọpẹ́ kì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń jò. Gbogbo ẹni tó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí Benson ti fẹ́ ẹ wá láti Odigbo ló lè jẹ́rìí sí i. Kíláàsì kejì ló kà dé nílé ìwé kí bàbá rẹ̀ tó ní kó wá máa ru ẹ̀gẹ́. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú Bíbélì lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kọ́ ara rẹ̀ láti kà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó tó ń sọ̀rọ̀, àwọn tíṣà tí ìjọba gbé wá láti Àkúrẹ́ máa ń fa àga sún mọ́ ọn. Ọmọ mẹ́rin ló bí. Elisha nìkan ló dàgbà. Benson kú ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó fi oko kòkó àti ọ̀pẹ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì fi igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Igbà yẹn ló sọ Elisha di òṣìṣẹ́ iná. Nígbà tí àwọn kan wá ń ri òpó sí etí títì ní Ore, wọ́n rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gun òpó dé orí kí wọ́n tó gbé àkàbà dé. Wọ́n ní kó máa bá àwọn bọ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń na wáyà, ó kọ́ èyí tí ọwọ́ lè kàn àti èyí tí ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ kàn. Ajue náà ní òpó nígbà náà. Ìbò kan ló gbé òpó wá. Ìbò náà lọ, wáyà ò dé. Ẹyẹ ló ń bà lé e. Bí Elisha bá ti wálé, á fọwọ́ gbá òpó tó wà níwájú ilé, á ní, "Iye, èmi ni màá na wáyà yìí dé ọ̀dọ̀ yín."

Àmínù ló mú un dé orí òkè. Ore ni Àmínù ti wa mọ́tò fún ọdún mẹ́fà, lọ́dọ̀ Sùlèímọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀. Òun ló gbọ́ pé wọ́n ń wá àwọn tó lè na wáyà ní apá ìlú tiwọn, ní ààlà Kamẹrúùnù, níbi tí omi ńlá kan ti ń já bọ́ láti orí òkè, tí wọ́n fẹ́ fi ṣe iná. Nígbà tí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ gba ìsinmi wá sí Ajue, Elisha jókòó sílẹ̀, ó fọ́ púpurú sí wẹ́wẹ́ lórí àwo láti ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀.

"Èyí ni òkè. Èyí ni omi. Àwọn ará Ṣáínà ló ń kọ́ ọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà rèé, wọn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá di ibi iná mú ló di gbogbo apá ibẹ̀ mú. Àwọn ará Rọ́ṣíà ti ń kó ìbọn fún àwọn kan ní òdì kejì."

"Àwọn tó ni òkè ńkọ́?"

"Àwọn yẹn ń bá ara wọn jà nítorí òkúta ààlà. Lónìí òkúta wà níbí. Bó bá di ọ̀la, wọ́n ti gbé e lọ sọ́hùn-ún."

"Ìgbà wo ni iná náà máa dé Ajue?"

Àmínù ló dáhùn. "Iye, kò ní dé ìlú tèmi pàápàá, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ òkè gan-an ni wọ́n bí mi sí." Ó nawọ́, ó mú Amẹ́ríkà lórí àwo, ó fi í sínú ọbẹ̀, ó sì gbé e mì. Títílọpẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Àmínù ti di ọmọ nínú ilé rẹ̀.

Ní ìjọ wọn ní Ajue, àwọn obìnrin máa ń pàdé fún àdúrà ní gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí wọ́n tó lọ sóko. Moyọ̀sọ́lá ni olórí wọn. Ìyá Àdúrà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ìwé ọmọ iléèwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń kọ ẹ̀bẹ̀ kálukú sí, òfin rẹ̀ sì ni pé gbogbo ẹ̀bẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ní orúkọ, ọjọ́ àti ibi. "Ẹ sọ ọ́ yékéyéké," ló máa ń wí. "Ẹ má jẹ́ kí áńgẹ́lì lọ dúró ní oríta Ore kó máa bi ọlọ́kadà léèrè ọ̀nà." Àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì sọ ọ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìdánwò á sọ kíláàsì tó máa jókòó sí. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà nílé ìwòsàn á sọ bẹ́ẹ̀dì, á sọ bóyá ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni. Moyọ̀sọ́lá á gba ohùn gbogbo wọn sílẹ̀ sórí fóònù, á fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní Ore, ní Bìní, títí dé Ítálì, kí àwọn náà lè bá wọn gbà á. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì tíì pa ẹnikẹ́ni lára.

Lọ́jọ́ kejì tí Elisha pè, ó kan Títílọpẹ́.

"Iye Elisha, tiyín ńkọ́?"

"Elisha ni o. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ fún mi."

"Kó ṣọ́ ọ níbo? Ṣé inú ilé ló wà ni?"

"Lójú ọ̀nà."

"Ọ̀nà pọ̀ láyé, Iye Elisha. Àbí ẹ ò fẹ́ kó gbà ni?"

Gbogbo wọn kọjú sí i. Ó rántí pé Elisha ní kí òun má sọ. Ó rò ó pé kì í ṣe èèyàn ni òun ń sọ ọ́ fún, Ọlọ́run ni. Ó dìde. Ó dárúkọ òkè náà. Ó sọ Ọjọ́bọ̀, ó sọ àárọ̀, ó sọ ọ̀nà àtijọ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ afárá tó wó. Nítorí pé ó sì mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ó tún fi adùn sí i: ó ní kí Ọlọ́run ṣáájú mọ́tò tó ṣáájú. Nígbà tí Moyọ̀sọ́lá tẹ ohùn náà kí wọ́n gbọ́ ọ, obìnrin kan ní, "Iye Elisha mọ àdúrà í gbà." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn nínú. Ó rìn lọ sóko lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn.

Lọ́jọ́rú, ó wà lórí pèpéle nígbà tí nọ́ńbà kan tí kò mọ̀ pè é. Obìnrin ni. Ó ní Adékẹ́mi lorúkọ òun, ọmọ Odigbo, pé ìlú kan ní ẹsẹ̀ òkè náà gan-an ni òun àti ọkọ òun ń gbé.

"Ìyá, mo gbọ́ àdúrà yín. Ore ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi. Ohùn yín wọ̀ mí lára débi pé mo gbé ohùn fóònù sókè lójú ọjà níbi tí mo ti ń ta aṣọ. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ń bi mí pé kí ni màmá yìí ń wí, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn."

"O túmọ̀ rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá, Ìyá. Gbogbo wa la ń bá yín gbà á."

Títílọpẹ́ súre fún un, fún ọkọ rẹ̀, fún ọjà rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó sì lọ sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé àdúrà òun ti dé òkè náà kí Elisha tó sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ni Adéjùmọ̀kẹ́ ìyàwó Elisha dé láti Ore lórí ọ̀kadà. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣe tíṣà. Ẹfun ṣì wà ní ìka rẹ̀. Kò tíì sọ nǹkan kan tí Títílọpẹ́ fi jókòó sórí kòkó tó sá. Mọ́tò mẹ́ta ni, Adéjùmọ̀kẹ́ ní. Àwọn kan ti ba dè wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá láti òru. Èyí tó ṣáájú ni wọ́n kọ́kọ́ yìnbọn sí.

Wọ́n gbé òkú Elisha wálé, wọ́n sin ín lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lórí rédíò. Àwọn ará Ṣáínà ní àwọn mọ ẹni tó rán àwọn tó yìnbọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ àwọn ṣeré. Àwọn ìlú méjì orí òkè ń tọ́ka sí ara wọn, ìjọba ní jàǹdùkú lásán ni. Títílọpẹ́ gbé rédíò sí itan, ó ń retí pé kí ọ̀kan nínú àwọn alágbára wọ̀nyí sọ pé àwọn ní ohun tó ń yàwòrán ilẹ̀ láti ojú ọ̀run, tàbí amí, tàbí ẹ̀rọ kan tó rí mọ́tò náà. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, á lè sùn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Fóònù rẹ̀ wà nínú àpò aṣọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń wúwo.

Moyọ̀sọ́lá wá bá a ṣọ̀fọ̀. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Iye Elisha, ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo ti yọ ọ́ kúrò lórí fóònù tèmi. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Wọn ò tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, Moyọ̀sọ́lá kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ nínú àdúrà.

Adéjùmọ̀kẹ́ ló mú ìròyìn tó kù wá. Àwọn ṣọ́jà ní èèyàn mẹ́rin péré ló mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Méjì ti kú, Elisha wà nínú wọn. Ẹ̀kẹta ni ọ̀gá wọn ará Ṣáínà. Ẹ̀kẹrin ni Àmínù, tó yè é pẹ̀lú ọta ìbọn ní èjìká. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni wọ́n ti wá mú un.

"Ẹni tó ń jẹ púpurú yín, Ìyá," Adéjùmọ̀kẹ́ ní. "Ẹ rántí bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí?"

"Mo rántí."

"Mo ti sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Mo ní kí wọ́n má gbàgbé ẹni tó ta bàbá wọn."

"Adéjùmọ̀kẹ́, jẹ́ ká ṣe sùúrù ná. Bóyá òun kọ́."

"Ta ló tún mọ̀, Ìyá? Èmi ìyàwó rẹ̀ ò mọ̀. Ẹ sọ ẹni tó tún mọ̀ fún mi."

Ẹnu Títílọpẹ́ là. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé kí ó bá òun bu omi wá.

Oṣù kejì tí wọ́n sìnkú, Sùlèímọ̀n ẹ̀gbọ́n Àmínù wá. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀.

"Màmá, mi ò wá bá yín jà. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

"Wọlé kí o jókòó, Sùlèímọ̀n. Ta ló ní o wá jà?"

"Lọ́yà ní bí ẹnì kan bá lè jẹ́rìí pé ẹlòmíràn tún mọ ọ̀nà yẹn, wọ́n máa dá Àmínù sílẹ̀. Mo wá ń rò ó pé bóyá Elisha sọ fún ẹnì kan. Ọ̀rẹ́, tàbí ọmọ ìjọ. Èèyàn a máa sọ̀rọ̀ nígbà míì."

"Elisha kì í ṣe ẹlẹ́nu."

"Mo mọ̀, Màmá. Àmínù náà kì í ṣe ẹlẹ́nu. Ṣé wọ́n sọ fún yín pé òun ló gbé Elisha pọ̀n, tòun ti ọta ní èjìká?"

"Wọn ò sọ fún mi."

"Ó gbé e títí Elisha fi kú. Ó ní Elisha ń pe Iye. Àmínù ní ó dà bíi pé ìyá tòun náà ni Elisha ń pè, nítorí Iye lòun náà ń pè yín."

Títílọpẹ́ ò sunkún níwájú rẹ̀. Ó ní òun á wá sí Ore.

Ó sì lọ lóòótọ́, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó wọ aṣọ ìsìn rẹ̀, ó fi fóònù sínú àyà, ó gun ọ̀kadà. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lábẹ́lẹ̀ bí ọmọ tó ń há àkọ́sórí: èmi ni mo béèrè, ó sọ fún mi, mo sọ ọ́ nínú àdúrà, wọ́n gbà á sílẹ̀, ó dé ọjà ẹsẹ̀ òkè ní Ọjọ́rú. Kò gùn. Sùlèímọ̀n fi ìsọ̀ sílẹ̀, ó mú un lọ bá lọ́yà náà, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́runbùnmi, lókè ilé kan lẹ́yìn gáréèjì.

"Màmá, kí lẹ mọ̀ nípa Àmínù?"

"Ọmọ dáadáa ni. Ilé mi ló ti ń jẹun."

Lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé kan. "Ṣé ẹlòmíràn wà, yàtọ̀ sí àwọn mẹ́rin yìí, tó mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà?"

Tírélà kan ń fọn fèrè nísàlẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Títílọpẹ́ ronú kan ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ilé epo, níbi tí Adéjùmọ̀kẹ́ wà pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́. Ó ronú kan àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa yọ orúkọ Àmínù kúrò lẹ́nu, tí wọ́n á fi tòun rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ló kù fún un láyé.

"Màmá?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó dáadáa. Ọjọ́ ti pẹ́."

"Kò burú. Màá fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo níbí. Ẹ mú ìwé náà lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti rántí, ẹ gbé e padà wá kí ẹ sọ ọ́, màá kọ ọ́ sí i, ẹ ó sì fọwọ́ sí i."

Sùlèímọ̀n sìn ín dé ibi ọ̀kadà. Ó di àlùbọ́sà sínú ọ̀rá fún un, èyí tó tóbi jù nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá, Màmá. Ẹlòmíràn ò ní wá." Títílọpẹ́ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì dúpẹ́.

Kò lè fi àlùbọ́sà náà sebẹ̀. Ó gbé e kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó sì ti hù báyìí, ewé rẹ̀ gùn jáde lára ọ̀rá.

Ohùn Elisha kò sí lórí fóònù náà. Kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀ rí. Ohùn Títílọpẹ́ fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èyí tí Moyọ̀sọ́lá fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, tó ń dárúkọ òkè, tó ń dárúkọ ọjọ́, tó ń sọ ti afárá. Nígbà míì tó bá ń yí kòkó, á tẹ̀ ẹ́, á gbọ́ ọ dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe àmín, á sì pa á. Kò tíì yọ ọ́ kúrò, nítorí òun ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí Àmínù ní.

Àmínù ti lo oṣù márùn-ún ní àtìmọ́lé. Ìwé lọ́yà wà nínú Bíbélì Títílọpẹ́, ìlà mẹ́ta inú rẹ̀ ṣì ṣófo. Kò tíì sọ fún Adéjùmọ̀kẹ́. Kò tíì padà sí Ore.